Owó Oṣù Ìkẹyìn Kì í Fọhùn

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni mo mú wá lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni. Lọ́pọ̀ ilé, obìnrin ni í mọ ọjọ́ tí owó ilé pé, òun náà ni í sì í dá onílé lóhùn nígbà tí ó bá kanlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, mo ń ka owó sàráà ní mọ́sáláṣí wa ní Muṣin, nígbà tí àwọn obìnrin méjì wọlé tọ̀ mí wá. Ohùn wọn ti ṣáájú wọn dé. Ọ̀kan jẹ́ opó. Ọkọ rẹ̀, ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń dúró kírun ní ẹ̀gbẹ́ ara wa fún ọdún púpọ̀ kí Ọlọ́hun tó pè é, ni ó fi ilé oníyàrá mẹ́jọ sílẹ̀ fún un. Owó yàrá wọ̀nyí ni ó ń jẹ, òun náà ni ó sì fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èkejì ni ìyá ìbejì, oníṣòwò èlùbọ́, tí ó ti gbé yàrá kan nínú ilé náà fún ọdún mẹ́rin.

Ọkọ ìyá ìbejì ríṣẹ́ sí Ìlọrin. Nígbà tí oṣù ku ọjọ́ mẹ́ta péré, ó pe mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù. Ni ìyá onílé bá ti géètì, ó sì fi àgádágodo sí i.

Ìyá onílé ní, "Alfa, ẹ bá mi bi í, owó oṣù yìí dà?"

Ìyá ìbejì ní, "Mo ti san án láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, Ìyá. Owó oṣù ìkẹyìn ni."

"Ta ni o san án fún?"

"Bàbá ni mo san án fún."

Gbogbo wa dákẹ́, nítorí Bàbá kò sí mọ́ tí a ó bi léèrè.

Mo ní kí ìyá onílé kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ kí wọ́n lọ ṣí géètì, nítorí a kì í ti ẹrù olówó mọ́lé kí a tó gbọ́ ẹjọ́. Mo wá bi ìyá ìbejì bóyá ìwé kan wà. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó mú rìsíìtì kan tí ó ti pọ́n jáde. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí pé ó san ₦8,000 fún oṣù kìíní àti ₦8,000 fún oṣù ìkẹyìn. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà dáadáa. Ìyá onílé náà mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Owó náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ jáde? Láàárín oṣù yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá onílé rán ọmọ lọ béèrè owó ilé. Ìdáhùn tí ọmọ náà ń mú bọ̀ ni pé, "Ẹ ní sùúrù." Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kì í ní kí olúwarẹ̀ ní sùúrù! Ìyá ìbejì rò nínú ara rẹ̀ pé owó tí òun ti san tẹ́lẹ̀ ti tó ìkìlọ̀. Kò tó o. Owó ni owó, ìkìlọ̀ ni ìkìlọ̀. Ẹni tí ó san owó oṣù ìkẹyìn kò tíì sọ oṣù tí yóò jẹ́ ìkẹyìn.

Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 là á mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tí ń san owó ilé lóṣooṣù, oṣù kan ni ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tí ń san ti ọdún, oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé onílé nìkan ni òfin yìí dè. Rárá o, ẹni yòówù nínú àwọn méjèèjì tí ó bá fẹ́ fòpin sí ọ̀rọ̀ ilé náà ni ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnì kejì. (Òfin náà yọ Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń gbé ibẹ̀?)

Ohun tí ó rọrùn jù lọ ni ìyá ìbejì kò ṣe. Nígbà tí ó mú owó oṣù tí ó ṣáájú wá, ì bá ti sọ pé, "Ìyá, èyí ni mo san kẹ́yìn. Oṣù tí ń bọ̀, owó tí ó wà lọ́wọ́ yín ni mo fi ń gbé e. Bí ó bá parí, mo ń lọ." Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni ìkìlọ̀, òun náà ni ìṣirò owó. Kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ oṣù lórí rẹ̀. Ẹ rántí pé ẹsẹ tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrátù Bákárà, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé.

Kí n tó gbàgbé, owó tí àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ń pè ní kọ́ṣọ̀n kì í ṣe owó oṣù ìkẹyìn. Ti ohun tí ó bá bàjẹ́ nínú ilé ni. Òfin kan náà ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì máa ṣe ìṣirò rẹ̀ fún un ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ má ṣe fi í gbé ilé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ wa. Owó yàrá ti di ₦12,000 láti nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, ìyá ìbejì sì ti ń san án bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Mo ní kí ó fi ₦4,000 lé ₦8,000 àtijọ́, ó sì san án lójú ẹsẹ̀. Ó ku ti ìkìlọ̀ tí kò ṣe, nítorí yàrá yóò ṣófo, opó yóò sì pàdánù owó. Ìyá ìbejì ní alájọṣe òun kan lọ́jà ń wá yàrá. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹni yẹn fi kó wọlé, ìyá onílé sì fi ìyókù jìn ín. (Bí kò bá sí ẹni tí yóò là yín níjà ní àdúgbò tiyín, ìjọba Èkó dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ ní 1999, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí.)

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá onílé tún wá bá mi. Oorun kò kùn ún mọ́, ó ní ta ni ó tún mọ owó tí Bàbá gbà sílẹ̀? A pe àwọn ayálégbé yòókù jọ pẹ̀lú rìsíìtì wọn. Àwọn mẹ́ta ni ó tún ti san owó oṣù ìkẹyìn. Mo kọ orúkọ wọn, iye owó àti ọjọ́ oṣù sínú ìwé kan, olúkúlùkù fọwọ́ sí i, ìyá onílé sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.