Fọ́ńdáǹtì ya, kéèkì ń làágùn: omi ni kẹ́ ẹ bi léèrè

Alẹ́ Fráìdé ni ojú máa ń pọ́n àwọn obìnrin tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe kéèkì nílé. Ìnáwó ku ọ̀la. Kéèkì ti jinná, ó wú dáadáa, òórùn rẹ̀ ti gba àdúgbò kan, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe da fọ́ńdáǹtì bò ó tán tó ya fàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó hunjọ bí awọ erin, tàbí tí òógùn bo gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni tó sáré láti Òjòó dé Dùgbẹ̀. Owó ti tán lọ́wọ́, ọjà ti tú, ọmọ ọlọ́jọ́ ìbí ti sùn, ó ń lálàá kéèkì. Kí lèèyàn ó ṣe?

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da ṣúgà sí i, tàbí kí wọ́n máa wọ́n omi sí i, wọn ò sì ní í bi ara wọn pé èwo gan-an ló yẹ. Bẹ́ẹ̀, omi ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà fọ́ńdáǹtì. Bí omi bá kéré jù lára rẹ̀, á gan, á sán, á hunjọ. Bí omi bá pọ̀ jù, á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, á lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, á fà, á ya. Ẹni tó bá ti mọ èyí tó ń ṣe tiẹ̀ nínú méjèèjì ti rí ìdajì oògùn rẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, oògùn ibà ló ń fún ẹni tí inú ń run.

Kí tiẹ̀ ni fọ́ńdáǹtì? Áísìn ṣúgà, ìyẹn ṣúgà tí wọ́n lọ̀ kúnná bí ẹ̀tù, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á yọ́ jẹ́látìn nínú omi, wọ́n á fi gúlúkóòsì olómi àti gílísáríìnì díẹ̀ sí i, wọ́n á wá pò ó mọ́ ṣúgà náà títí tí yóò fi dì mọ́ra bí ẹ̀bà tó le dáadáa. Jẹ́látìn ló ń jẹ́ kó fà bí rọ́bà, gílísáríìnì ni kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Láyé àwọn ìyá wa, áísìn tí wọ́n fi funfun ẹyin pò ló wọ́pọ̀ lórí kéèkì ìgbéyàwó. Ìyẹn máa ń gan bí símẹ́ǹtì, ọ̀bẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kán sí i lára. Fọ́ńdáǹtì rọ̀ jù ú lọ, ojú rẹ̀ sì ń dán, ìdí nìyẹn tó fi gbayì. Àmọ́ ṣúgà ni, iṣẹ́ ṣúgà sì ni kó máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá ti gbàgbé láti dé agolo ṣúgà rẹ̀ nígbà òjò mọ bó ṣe máa ń rí.

Ìdánwò rẹ̀ ò le rárá. Kí obìnrin bu fọ́ńdáǹtì bí ẹyin adìyẹ kan, kó pò ó díẹ̀ lọ́wọ́, kó wá ká a sí méjì. Bí ibi tó ti ká bá sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ti gbẹ jù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó ń yọ̀ bí ewédú, omi ti pọ̀ jù. Bó bá ká geere, tí kò sán, tí kò sì lẹ̀, ó ti tó lò nìyẹn.

BÓ BÁ GBẸ JÙ

Nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo èèyàn ń sán, fọ́ńdáǹtì náà máa ń sán. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ tán lórí tábìlì, ojú rẹ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí wọ́n bá wá gbé e lé kéèkì, ibi tó ti tẹ̀ létí òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ. Fáànù tó ń fẹ́ lé e lórí máa ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́nfuláwà tí wọ́n bù jù sórí tábìlì kó má baà lẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n ti fèrèsé. Èyí tí wọn ò tíì lò, kí wọ́n wé e sínú ọ̀rá láílọ́ọ̀nù pinpin, kí afẹ́fẹ́ má ráàyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú bọ́tà funfun tí kò ní iyọ̀, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, bí ìdajì ṣíbí kékeré, kí wọ́n pò ó mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá ní bọ́tà yìí lè kán gílísáríìnì sí i, ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta. Èyí tó ṣeé jẹ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi para nígbà ọyẹ́! Kí wọ́n má bu omi lásán sí i, nítorí òde rẹ̀ á ti yọ́ kí omi tó dé inú.

Bó bá jẹ́ pé orí kéèkì ló ti hunjọ tán, kí wọ́n fi bọ́tà funfun yẹn pa orí ìka fẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n máa fi ra ibẹ̀ yíká-yíká, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbóná ọwọ́ á jẹ́ kí ojú ibi tó sán pa dé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tó ti le gbagidi kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 nínú maikirowéfù á mú un rọ̀. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àárín rẹ̀ lè gbóná débi tí yóò jó èèyàn lọ́wọ́. Ilé tí kò bá ní maikirowéfù, kí wọ́n wé e sínú ọ̀rá, kí wọ́n gbé e sínú abọ́ gbígbẹ, kí wọ́n sì gbé abọ́ náà lé orí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

BÍ OMI BÁ PỌ̀ JÙ

Ìgbà òjò ni tèyí. Kí wọ́n máa fi áísìn ṣúgà tàbí kọ́nfuláwà pò ó díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa ká a wò bí wọ́n ṣe dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé ìdáná tí ìkòkò ìrẹsì ti ń hó, nítorí ooru omi tó ń jáde níbẹ̀ ò ní í gbé ibòmíì gbà ju ara ṣúgà lọ.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, abẹ́ ni omi ti ń wá. Kírímù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n pò wú, tàbí èso tútù tí wọ́n gé sáàárín kéèkì, máa ń yọ́ fọ́ńdáǹtì láti inú wá. Bọ́tà-kírímù tó dì dáadáa, tàbí ṣokoléètì tí wọ́n yọ́ mọ́ kírímù tí wọ́n sì jẹ́ kó dì, ló yẹ kó wà lábẹ́ fọ́ńdáǹtì. Àwọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ ọn náà ńkọ́? Èyí tó ń ṣàn bí omi, omi náà ni. Èyí tó ki bí jẹ́lì ló dára jù. Bó bá jẹ́ pupa tàbí dúdú ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n pò ó ku ọ̀la tí wọ́n máa lò ó, nítorí àwọ̀ náà á tún dúdú sí i fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń bu àwọ̀ lé àwọ̀ lójú ẹsẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi di ẹrẹ̀ sí wọn lọ́wọ́.

Àmọ́ ti òógùn ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ẹ wo ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì lóde ìnáwó. Kí wọ́n tó ṣí i, gbogbo ara rẹ̀ ti kún fún omi. Omi yẹn ò ti inú ìgò jáde, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, òtútù ara ìgò ló mú un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kéèkì tí wọ́n gbé sínú fíríìjì tí wọ́n sì tún gbé jáde sínú ooru. Ọ̀rọ̀ iná ìjọba ò wá jẹ́ kó rọrùn. Láti ọdún 2005 ni òfin ti gba orúkọ lọ́wọ́ NEPA, àmọ́ ẹnu aráàlú ò tíì fi í sílẹ̀: "NEPA ti mú iná lọ" ni wọ́n ṣì ń wí. Bí wọ́n bá mú un lọ lóru tí wọ́n tún dá a padà, fíríìjì á lọ́wọ́ọ́, á tún tutù, fọ́ńdáǹtì ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹni tí kéèkì rẹ̀ bá ń làágùn, kó má fi aṣọ nù ún, kó má sì fọwọ́ kàn án, nítorí ojú ìka ò ní í kúrò níbẹ̀ mọ́. Kó gbé e síwájú fáànù tàbí sínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kó fi í sílẹ̀, á gbẹ fúnra rẹ̀. Bó bá pọn dandan kí kéèkì wọ fíríìjì, kí wọ́n gbé e sínú páálí, kí wọ́n fi ọ̀rá wé páálí náà. Bí wọ́n bá gbé e jáde, kí wọ́n má ṣí i títí òtútù yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ara páálí ni omi máa dì mọ́, kò ní í jẹ́ ara kéèkì. Èyí tó sì rọrùn jù ni kí wọ́n má gbé e débẹ̀ rárá: kéèkì tí bọ́tà-kírímù tàbí ṣokoléètì dídì wà lábẹ́ fọ́ńdáǹtì rẹ̀, tí kò ní kírímù tútù tàbí èso nínú, á wà fún ọjọ́ kan sí méjì nínú yàrá tó tutù díẹ̀.

BÓ BÁ TI YA ŃKỌ́?

Ìwọ̀n ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú yíya. Fọ́ńdáǹtì tó fẹ́lẹ́ jù á ya, èyí tó kéré jù wọ́n á fà á, òun náà á ya. Mìlímítà 3 sí 4 ni kó nípọn tó. Ní ti fífẹ̀, ìṣirò rẹ̀ rèé: bí kéèkì rìbìtì bá fẹ̀ ní íǹṣì 8, tó sì ga ní íǹṣì 4, 8 orí rẹ̀, 4 ẹ̀gbẹ́ kan, 4 ẹ̀gbẹ́ kejì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Kí wọ́n tẹ́ ẹ dé 18 kí ó lè ṣẹ́ kù díẹ̀. Igi róbótó tí wọ́n fi tẹ́ ẹ ni kí wọ́n fi ká a gbé, kì í ṣe ìka. Bó bá ti balẹ̀ lórí kéèkì, kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ ra òkè kí afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n mú etí òkè yíká kíákíá, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Etí òkè yẹn ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ fi kọ́, ibẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ máa ń ya.

Bó bá ya díẹ̀, kí wọ́n mú fọ́ńdáǹtì aláwọ̀ kan náà bí ẹyọ ẹ̀wà, kí wọ́n kán omi sí i kó rọ̀ bí ẹrẹ̀, kí wọ́n fi dí ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì nu èyí tó yọ síta kúrò. Bó bá ya púpọ̀, kí ibẹ̀ di ẹ̀yìn kéèkì, tàbí kí òdòdó fọ́ńdáǹtì jókòó lé e. Bí afẹ́fẹ́ bá wú sókè bí ìléròrò, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó mọ́ gún un ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ra afẹ́fẹ́ náà jáde. Àmọ́ abẹ́rẹ́ olórí aláwọ̀ ni kí wọ́n lò, kí wọ́n kà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún kà á bí wọ́n bá parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ìtayín àti wáyà tí wọ́n fi gbé òdòdó dúró: ẹni tó máa gé kéèkì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Fọ́ńdáǹtì tó ya ò pa ẹnikẹ́ni rí, àmọ́ abẹ́rẹ́ lọ́fun ọmọdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Kéèkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to léra náà máa ń rì díẹ̀, kírímù àárín rẹ̀ á yọ ikùn síta, fọ́ńdáǹtì á sì yọ ikùn pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tò ó lálẹ́ Tọ́sìdeè, kó sùn mọ́jú, kí wọ́n da fọ́ńdáǹtì bò ó láàárọ̀ Fráìdé. Bí nǹkan bá yí, ilẹ̀ ò tíì ṣú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wá bàjẹ́ pátápátá, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kí wọ́n ṣí fọ́ńdáǹtì náà kúrò kó tó gan, kí wọ́n fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tún ojú bọ́tà-kírímù ṣe, kó dán. Kéèkì tó pé ni, kò sì sí ọmọdé tó máa bèèrè fọ́ńdáǹtì.

Bó bá jẹ́ owó ẹlòmíì ni wọ́n fi ṣe kéèkì náà, nǹkan kan ṣì kù. Òdòdó tó bo ibi tó sán kì í ṣe ẹ̀tàn, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àmọ́ bí ohun tí wọ́n ṣàdéhùn bá ti yí padà, ẹni tó ni í gbọ́dọ̀ gbọ́ kó tó fojú rí i. Kò ju báyìí lọ lórí fóònù láàárọ̀ Sátidé:

"Ẹ káàárọ̀ mà, Ìyá Ìbejì. Fọ́ńdáǹtì yẹn ò dúró o. Mo ti ṣí i kúrò, bọ́tà-kírímù ni mo fi parí ẹ̀, ó mọ́, ó sì dùn ún wò. Mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ni."

"Háà! Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́! Inú kéèkì ò bàjẹ́ ṣá?"

"Rárá mà, inú ẹ̀ pé. Owó fọ́ńdáǹtì, màá dá a padà."

"Ó dáa náà, àbúrò mi. Ó dùn mí, àmọ́ o ṣeun tó o tètè sọ."

Ọ̀rọ̀ á korò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó sàn ju kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nígbà tí alága ìjókòó bá ní kí wọ́n wá gé kéèkì, tí gbogbo fóònù ti wà lókè. Kéèkì tó ya lálẹ́ Fráìdé ṣeé lẹ̀. Orúkọ tó bá ya ní Sátidé, kò tíì sí fọ́ńdáǹtì tí wọ́n lè fi lẹ̀ ẹ́.