Òórùn Irú Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Ìdọ̀tí

Bí wọ́n bá tú irú nínú ọkọ̀ èrò, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi di imú. Ọmọ iléèwé tí wọ́n bu ọbẹ̀ irú fún a sì máa fọwọ́ bo abọ́ rẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tó lè fipá mú imú ẹlòmíràn pé kó fẹ́ràn irú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìdọ̀tí ni torí pé ó ń rùn ti fẹ̀sùn kàn án, ẹ̀sùn sì ń fẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin tó ń ṣe irú. Yóò gbé èso irúgbá kaná láti òwúrọ̀ di alẹ́, nítorí ó le bí òkúta. Yóò gún un tàbí kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí èèpo lè bó, yóò fi omi púpọ̀ ṣàn án, yóò tún un sè, lẹ́yìn náà ni yóò dà á sínú igbá, tí yóò fi ewé bò ó níbi tó móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni kòkòrò tíntín kan tí ojú lásán kò lè rí, Bacillus subtilis, ń fọ́ èròjà purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ yìí ló ń sọ èso líle di ohun tí ikùn lè lọ̀, òun ló ń fún un ládùn, òun náà ló sì ń tú afẹ́fẹ́ amóníà tó ń ta wá nímú jáde. Ọmọ ìyá kan náà ni adùn àti òórùn yẹn.

Ẹ̀yà kòkòrò yìí náà ni àwọn ará Japan fi ń ṣe natto láti ara ẹ̀wà sóyà, tí wọ́n ń fi jẹ ìrẹsì láàárọ̀. Wàràkàṣì Limburger tí wọ́n ń jẹ ní Jámánì ń rùn bí ẹsẹ̀ tó làágùn nínú bàtà, nítorí kòkòrò tó ń mú un gbó bá ti ara ẹsẹ̀ wa tan. Onímọ̀ kan, Bart Knols, tilẹ̀ fi hàn pé ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri máa ń tọ òórùn wàràkàṣì náà lọ. Síbẹ̀ owó gidi ni wọ́n ń fi rà á. Èdè wa ní à ń gbọ́ òórùn. Ariwo sì ni èdè tí a kò kọ́ létí wa.

Àwọn kan yóò ní ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí kò yẹ fún irú. Òótọ́ ni. Ní Singapore, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé èso durian tó ń rùn wọ ọkọ̀ ojú irin, àmọ́ orúkọ èso yìí kan náà ni àwọn aráàlú fi ń pe gbọ̀ngàn eré ńlá wọn. Irú tó ní iyanrìn tàbí tó hu ewú wà lọ́jà pẹ̀lú. Kí oníbàárà fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Ti àwọn tó ní mágí ti tó ni n kò gbà: iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nígbà tí irú kò ní iyọ̀ àfi tí ẹni tó ṣe é bá fi sí i. Ẹni tí òórùn náà ṣì ń dà láàmú, kó kọ́kọ́ din irú nínú epo pupa pẹ̀lú àlùbọ́sà kó tó da ẹ̀fọ́ sí i. Ooru á lé amóníà lọ, adùn á sì kù sínú ìkòkò.