Àpò Ìrẹsì Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ìtọ́jú Àgbà

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Àjọ Aṣọ́bodè ní àwọn yóò ta ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní owó pọ́ọ́kú ní Yábà, l'Ékòó. Èrò tẹ èèyàn pa níbẹ̀. Kí oṣù Kejìlá ọdún náà tó parí, èrò tún ti tẹ èèyàn pa níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń pín oúnjẹ ní Okija àti l'Ábújá. Èèyàn á rò pé a ti kọ́gbọ́n. Rárá o! Bí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá bá ti dé, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń fi sọrí àwọn àgbà láti 1991, àwòrán àwọn ìjòyè tó ń na àpò ìrẹsì sí ìyá arúgbó á tún kún orí WhatsApp, àwọn èèyàn á sì máa fèsì pé ìjọba mà ń gbìyànjú fún àwọn àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fi hàn bẹ́ẹ̀?

Ìgbàgbọ́ tó ń bí ni nínú jù lọ nìyí: pé ohun tí ìjọba pín ni ẹ̀rí ohun tí ìjọba ṣe. Ẹni tó ka àpò ka ohun tó jáde lọ́wọ́ ìjọba. Kò tíì mọ ohun tó yí padà láyé arúgbó. Bí dókítà bá ní òun ti fún ẹgbẹ̀rún aláìsàn lóògùn, ṣebí iye tó gbádùn la ó kọ́kọ́ béèrè? Níbi tí wọ́n bá ti ń pín nǹkan láàárín èrò, alágbára ló ń dé iwájú. Arúgbó tí orúnkún ń dùn, tí a fi orúkọ rẹ̀ gbé ètò náà kalẹ̀, ẹ̀yìn ló máa wà bí kò bá tilẹ̀ ti padà sílé. Ẹ wo afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Ékòó. Wọ́n kọ́ ọ kí ọkọ̀ má baà pa èèyàn, wọ́n sì ń mú ẹni tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dára. Àmọ́ ta ló dúró nídìí àtẹ̀gùn rẹ̀, tó ka iye ẹni ọdún 75 tó lè gùn ún? Ìyá tí kò bá lè gùn ún ní láti sáré láàárín ọkọ̀ tàbí kó jókòó sílé. Nínú ìwé ìjọba, afárá kan ti lé sí i. Ní ti ìyá yìí, ọjà ló túbọ̀ jìnnà sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń wọn nǹkan dáadáa, ẹsẹ̀ àgbà ni wọ́n ń wọ̀n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà pé èèyàn ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọn ìrìn àwọn tó ti lé ní ọdún 65, ìpíndọ́gba tàwọn ọkùnrin jẹ́ mítà 0.9, tàwọn obìnrin jẹ́ 0.8. Bí títì bá fẹ̀ tó mítà 12, ìṣẹ́jú àáyá 10 ni iná á fún ìyá tó nílò 15. Iye iná tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kò lè fi èyí hàn láéláé. Ní Singapore, láti 2009, àgbà lè fi káàdì rẹ̀ kan ara òpó kí iná fi ìṣẹ́jú àáyá kún àkókò rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà kò jókòó sí ọ́fíìsì kọ ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde ní 2007 lórí ìlú tó rọ àgbà lọ́rùn: wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ní ìlú 33. Ní 2015 wọ́n tún gbé òṣùwọ̀n jáde: ṣé ojú ọ̀nà ṣeé rìn, ṣé ọkọ̀ ṣeé wọ̀, ṣé ilé ìjọba ṣeé wọlé sí, ṣé àgbà ní ẹnu nínú ìpinnu àdúgbò? Kò síbi tí wọ́n ti ní ká ka àpò tí gómìnà pín.

Àwọn kan á ní ebi ló yẹ ká kọ́kọ́ lé lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn arúgbó tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Èyí sàn ju ìrẹsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ, nítorí arúgbó lè fojú sọ́nà fún un, kó fi ṣètò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, ètò náà dáwọ́ dúró. Ká ní àbọ̀ ìwádìí wà lọ́wọ́ aráàlú, tó fi hàn kedere ohun tí owó náà ṣe, ì bá ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti pa á tì bí ẹrù ẹni àná. Àwọn mìíràn á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmọ lè ra oògùn lóòótọ́. Ọmọ kò lè bo gọ́tà gbogbo àdúgbò, kò sì lè pàṣẹ fún awakọ̀ dáńfó pé kó dúró sójú kan kí ìyá òun tó sọ̀. Ti pé ìwádìí ń gba owó, àwáwí lásán ni.

Nítorí náà, bí kánsẹ́lọ̀ bá tún gbé àwòrán dé, ẹ má ṣe yára pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í: àgbà mélòó ló lè dá lọ sọ́jà, sílé ìwòsàn àti síbi ìjọsìn báyìí, tí kò lè lọ tẹ́lẹ̀? Ta ló kà wọ́n? Níbo ni àbọ̀ rẹ̀ wà? Ẹ béèrè nípàdé lándọ́ọ̀dù, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá tọrọ ìbò. Ìjọba kì í wọn ohun tí aráàlú kò bá bi í léèrè. Gbogbo wa la sì ń ṣàdúrà pé ká dàgbà, ká darúgbó. Ẹni tó ń ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ta ìlú tí yóò darúgbó sí ní àpò ìrẹsì kan.