Ẹ̀dà kan ṣoṣo kì í ṣe àkọsílẹ̀

1/ Ọ̀rọ̀ mi lónìí wà fún gbogbo àwa ọ̀dọ́ tá a máa ń fi ìwé àjọ àwọn ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi gan-an ni olórí wa. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/ Màmá mi ni alájọ fún obìnrin 43 lọ́jà. Ìwé ńlá wà lọ́wọ́ wọn, káàdì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń dá owó. Mo ní, "Màmá, ayé ti lajú o." Mo kó gbogbo ẹ̀ sínú LibreOffice Base. Fáìlì .odb kan ṣoṣo. Mo ní kí wọ́n pa ìwé ńlá tì, wọ́n gbà. Mo ní kí wọ́n gba káàdì padà, wọ́n ní láéláé. Inú bí mi.

3/ Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ owó ọjọ́ náà tán, mo tẹ save, iná lọ. Bátìrì laptop mi ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná dé, fáìlì ò ṣí mọ́. Owó ọlọ́wọ́, oṣù mẹ́jọ.

4/ Gbogbo èèyàn ní, "Iná ló fà á." Irọ́ ni jàre. Iná ti ń lọ kí wọ́n tó bí mi. Ẹni tó rí i pé òjò ṣú, tó sì sá èlùbọ́ síta, ṣé òjò ló máa bá jà?

5/ Ẹ wo bó ṣe rí. Zip ni fáìlì .odb, bí àpò tí wọ́n di ẹrù sí. Ìdí àpò ni ìwé tó ń sọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá lọ kí kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ débẹ̀, ẹrù ṣì lè wà nínú àpò, àmọ́ ìwé yẹn ò sí.

6/ Torí náà, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn. Ẹ yí .odb padà sí .zip, ẹ fi zip -FF tún un ṣe, kẹ́ ẹ wo fódà database. Script ló ń sọ bí table ṣe rí. Data ló sábà máa ń gbé ohun tẹ́ ẹ kọ sínú wọn.

7/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Access náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kẹ́ ẹ tó tẹ Compact and Repair. Àtúnṣe yẹn lè gé lára table tó ti bàjẹ́.

8/ Tèmi ńkọ́? Script jáde ní pípé. Data ti gé. Mo rí bí table ṣe rí, mi ò rí owó. Màmá mi ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Lọ wo káàdì wọn." Mo ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ìyá tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ tú káàdì wọn jáde látinú ọ̀rá, ó mọ́ tónítóní.

9/ Ẹ gbọ́ o: ìwé lọ́wọ́ alájọ, káàdì lọ́wọ́ olówó. Ẹ̀dà méjì, ọwọ́ méjì, ibi méjì. Bí alájọ bá fẹ́ yí i, káàdì á sọ. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa wá sọ ọ́ di fáìlì kan, nínú laptop kan, password lọ́wọ́ ẹnì kan, a ní ìlàjú nìyẹn.

10/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ṣebí kó o gbé e sórí cloud." Bí fáìlì bá bàjẹ́ lórí laptop, tí cloud ń tẹ̀ lé e, èyí tó bàjẹ́ náà ló máa gbé lọ. Àyàfi tó bá ń tọ́jú àwọn ti àtijọ́.

11/ Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń ṣe ẹ̀dà tuntun, déètì wà lára orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan wà lórí flash nínú àpótí màmá mi. Mo ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Káàdì ò sì kúrò lọ́wọ́ olówó.

12/ Bí owó ọlọ́wọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹ, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo, má pe ara ẹ ní akọ̀wé. Tẹ́tẹ́ lò ń ta, owó àwọn ìyá wa lo sì fi ń ta á.