Alága Ilé Aṣòfin Àgbà: Kí Ni Iṣẹ́ Rẹ̀, Kí Ló sì Kàn Wá Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, mo sì mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú yín yóò fẹ́ ṣí ìwé sí ojú ewé kejì. Ẹ dákun, ẹ má tíì ṣí i.

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ìsàlẹ̀ Gbọ̀ngàn Màpó dé Bẹ́yẹrúnká, agboolé wo ni kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀? Ẹgbẹ́ alájọ ni o, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ilé ni o, ẹgbẹ́ àwọn alátà ni o. Gbogbo wa ni a ti rí ìpàdé tí alága rẹ̀ mọ iṣẹ́, a sì ti rí èyí tí alága rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Alága tó mọ iṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gbé èrò tirẹ̀ kalẹ̀. Yóò jẹ́ kí ìyálé sọ tirẹ̀, kí ìyàwó àná náà sọ tirẹ̀, yóò sì pa ẹni tó ń pariwo lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná tán, òun ni yóò sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí a dìbò. Òun náà ni yóò sì sọ ohun náà gan-an tí a ó dìbò lé lórí. Ibi tó kẹ́yìn yìí ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ fi í sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Àbújá. Sẹ́nétọ̀ 109 ni ó wà níbẹ̀: mẹ́ta-mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ẹnì kan láti Àbújá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń yan Ààrẹ ilé náà láàárín ara wọn. Àwa aráàlú kọ́ ni a ń dìbò yàn án. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbà á láyè láti máa dìbò bí àwọn yòókù: àfi bí ìbò bá dọ́gba ni yóò tó fi tirẹ̀ sí i kí ọ̀rọ̀ má baà dúró lójú kan. Bí ilé méjèèjì bá jókòó pọ̀, òun ni alága wọn. Bí wọn yóò bá yọ ọ́ nípò, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo sẹ́nétọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ipò Ààrẹ orílẹ̀-èdè àti ti igbákejì rẹ̀ bá sì ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni yóò di ìjọba mú fún ohun tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni èyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, nígbà tí Ààrẹ Nnamdi Azikiwe wà ní òkè òkun, Nwafor Orizu, Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà, ni ó ń delé dè é. Ẹnu rẹ̀ ni a sì ti gbọ́ pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Ìbàdàn wa yìí. Nígbà tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ni ilé àgbà wa, níhìn-ín ni ó sì ti ń jókòó. Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, ni ó jẹ́ Ààrẹ rẹ̀ láti 1954 títí di 1960 tí ó di Gómìnà. Ẹ ro ó wò: láti dá ọba aládé kan lẹ́nu dúró lójú àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó má sì di ìjà ìlú sí ìlú! Ó ń fẹ́ sùúrù ju ti ẹni tí ń parí ìjà orogún lọ.

Ní ọdún 1960 yìí kan náà ni Olóyè Wúràọlá Ẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn, wọ Ilé Aṣòfin Àgbà ní Èkó, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jókòó níbẹ̀. Òun ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mọ̀lété ní 1944, òun náà ni ó sì di Ìyálóde Ìbàdàn nígbẹ̀yìn. Lọ́dún tí ó wọlé yẹn, àwọn obìnrin Òkè Ọya kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò rárá. Bí obìnrin kan bá wà láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin, alága ni ó kù sí lọ́wọ́ bóyá a ó gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí ẹni tí alága kò bá pè, jíjókòó ni yóò jókòó.

Ó wá ku ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ní oṣù keje ọdún 2013, àwọn sẹ́nétọ̀ ń tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe. Wọ́n dé orí abala 29, tó sọ nípa ẹni tó bá fẹ́ kọ jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀. Òfin ní ẹni náà gbọ́dọ̀ ti dàgbà, ìyẹn ni pé kí ó ti pé ọmọ ọdún 18. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé obìnrin yòówù tó bá ti wọ ilé ọkọ, àgbà ni kí a kà á sí. Kò sọ iye ọdún kankan. Àbá ni pé kí a yọ gbólóhùn yìí kúrò. Wọ́n dìbò, iye tí òfin ń fẹ́, ìyẹn sẹ́nétọ̀ 73, sì pé. Ọ̀rọ̀ parí, àbí? Kò parí. Sẹ́nétọ̀ Ahmad Sani Yerima láti Zamfara dìde, ó ní ọ̀rọ̀ náà kan ìgbéyàwó ní ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ilé kò sì gbọdọ̀ dá sí i. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. David Mark, tó jẹ́ Ààrẹ ilé nígbà náà, ní kí wọ́n tún ìbò náà dì. Lẹ́ẹ̀kejì, iye náà kò pé mọ́, gbólóhùn náà sì dúró sí àyè rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣe òdodo níhìn-ín. Ìbò yẹn kò sọ pé kí a máa gbé ọmọ kékeré níyàwó, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pariwo rẹ̀ nígbà náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ṣì ní ẹni tí kò bá pé ọdún 18 kò tíì tó gbé níyàwó. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 13 tí a ti fún ọkọ ń bẹ nínú ìwé òfin gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà, kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ẹnì kan lè gbèjà alága pé ó fẹ́ kí a gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn. Ní tèmi o, ìgbà tí ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu ènìyàn ni kí a tó dìbò. Bí alága ẹgbẹ́ alájọ yín bá ka ìbò tán tí ó tún ní kí ẹ padà dì í nítorí pé ẹnì kan bínú, kí ni ẹ ó wí?

Ní ilẹ̀ mìíràn, àwọn obìnrin ti jókòó sórí àga yìí. Hélène Hayman ni ó kọ́kọ́ di alága ilé àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ ilé fúnra wọn yàn, ní 2006. Ní Amẹ́ríkà, igbákejì Ààrẹ ni alága ilé àgbà. Láàárín 2021 àti 2025 ìgbà 33 ni ìbò dọ́gba tí Kamala Harris fi tirẹ̀ parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè, ṣe olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin fún oṣù díẹ̀ ní 2007. Ṣùgbọ́n ní ilé àgbà, láti 1960, ọkùnrin nìkan ni.

Ẹni tó bá ń gbé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹ́yẹrúnká, ẹkùn Gúúsù Ọ̀yọ́ ni ó wà, sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣojú rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùdíje bá tún gòkè Màpó wá tàwọn ti ìlù, tí wọ́n ń pín ìrẹsì àti aṣọ, ẹ bi ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé ta ni ó dìbò fún nígbà tí wọ́n ń yan alága, kí ni ìdí rẹ̀, àti pé ṣé ó wà lórí ìjókòó ní ọjọ́ tí wọ́n jíròrò ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin.