Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á: Mímọ Bùkà Tó Mọ́

"Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń yin ohun rere kan ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí, kí wọ́n má baà gbàgbé pé kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀: ẹran wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, òróró kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí òwe náà bá dé bùkà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbòòrò sí i. Ìmọ́tótó náà gba owó, àmọ́ ahọ́n kì í tọ́ ọ wò. Omi ìfọbọ́, ọṣẹ, gáàsì tí kò jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù, owó oṣù ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju abọ́ fífọ̀ lọ, ọbẹ̀ àná tí ìyá olóúnjẹ dà nù dípò kó pò ó mọ́ tòní: owó ni gbogbo wọn. Nígbà tí ọjà bá wá gbówó lórí, àwọn wọ̀nyí ni olóúnjẹ tí kò lójú àánú kọ́kọ́ ń dín kù, torí pé ẹran ni oníbàárà ń kà nínú abọ́. Kò sẹ́ni tó ń ka ọṣẹ.

Owó tí òwe yìí ń wí yàtọ̀ sí owó tí oníbàárà ń san, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí ilẹ̀ oní-táìsì tó ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù àti àga aláwọ, wọ́n á gbà pé ibi tí oúnjẹ bá ti wọ́n ló ti mọ́. Owó wọ yàrá ìjẹun lóòótọ́. Bóyá ó dé ilé ìdáná ni kò tíì hàn. Ní ọdún 1906, nínú ilé tí olówó kan háyà fún ìsinmi ní Oyster Bay, nítòsí New York, ènìyàn 6 nínú 11 ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun gbé dè. Ìwádìí tọ́ka sí alásè wọn, Mary Mallon, obìnrin ará Ireland tí ara rẹ̀ le koko, tí kòkòrò àrùn náà ń gbé inú rẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan. Ilé olówó ló ti ń sè kiri, ọlá inú ilé wọ̀nyẹn kò sì gbà wọ́n.

Ohun tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá ni iná. Kòkòrò àìfojúrí máa ń gbèrú nínú oúnjẹ tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ wà láàrin 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ láìgbóná ju wákàtí 2 lọ. Àmàlà ń ti inú omi híhó bọ́ sínú abọ́, ọbẹ̀ ata tó ń hó lórí iná kò sì fún kòkòrò láyè. Nítorí náà, àmàlà tí wọ́n ń rò lọ́wọ́ lábẹ́ páànù tó dípẹtà lè dára ju jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti wà nínú dígí láti àárọ̀, tó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìrẹsì ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus ní irúgbìn tó máa ń la sísè já. Bí ìrẹsì bá ń tutù díẹ̀díẹ̀ nínú kúlà, irúgbìn náà á hù, á sì tu oró tí kì í kú bí wọ́n tilẹ̀ gbé ìrẹsì náà padà sórí iná. Ọbẹ̀ ẹran inú ìkòkò ràgàjì tí wọ́n gbé kalẹ̀ sùn náà léwu, nítorí ìkòkò ńlá kì í yára tutù. Gbẹ̀gìrì ní tirẹ̀ ṣe olóòótọ́: bó bá fẹ́ bàjẹ́, á kan, imú á sì gbọ́.

Ọ̀pọ̀ arìnrìnàjò a máa wo ibi tí awakọ̀ bá yà sí, tàbí ibi tí èrò bá pọ̀ sí. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, kò kàn tó ni. Èrò ń fi hàn pé oúnjẹ kì í pẹ́ nínú ìkòkò. Kò fi hàn pé abọ́ mọ́. Ibi tí èrò bá ti ń wọ́ tìì gan-an ni omi ìfọbọ́ ti ń yára dúdú. Omi yẹn ló yẹ kí ojú tún wá. Níbi tí kò ti sí bọ́rọ̀hóòlù, tó jẹ́ pé ọwọ́ mẹ́ruwà ni wọ́n ti ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lówó tirẹ̀, ó sì rọrùn láti fi omi kan náà ṣan abọ́ lọ bí ọjọ́ náà ti gùn tó. Ẹ̀yìn omi ni ọwọ́: ṣé ọwọ́ tó gba náírà lọ́wọ́ oníbàárà ló tún ń mú pọ̀nmọ́? Abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo tábìlì fi ń ṣanwọ́, àbí omi ń ṣàn, ọṣẹ sì wà? Ewé tí àwọn àgbà fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kò ní wàhálà yìí, torí ẹnìkan kì í jẹun tán lórí ewé kí wọ́n fọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ibi tí ojú oníbàárà kò dé ni iṣẹ́ wolé-wolé. Tẹ́lẹ̀ rí, wọn a máa yọjú sínú àmù wá tanwíji, wọn a sì bá onílé ṣẹjọ́. Ní England àti Wales, ètò ìdíwọ̀n ìmọ́tótó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 sọ iṣẹ́ náà di àkàgbọ́: òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sábà máa ń dé láìsọ tẹ́lẹ̀, á wo bí wọ́n ṣe ń ṣètọ́jú oúnjẹ, bí ilé ṣe rí àti bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́, á sì fún wọn ní àmì láti 0 sí 5. Láti 2013 ni ó ti di dandan ní Wales kí wọ́n lẹ àmì náà síta. Ní England, ẹni tó bá wù ló ń lẹ̀ ẹ́, kò sì ṣòro láti mọ irú èsì tí àwọn kan kì í lẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń wá iyán ní Peckham, ní London, lè yẹ èsì náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó jáde nílé. Nípa adùn, àmì náà kò sọ nǹkan kan.

Ìdájọ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn tí inú bá ti dà rú ló sábà máa ń ṣì jù. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ kẹ́yìn ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Oró inú ìrẹsì lè mú ni bì kí wákàtí 6 tó pé, ti ọbẹ̀ ẹran inú ìkòkò ńlá sì lè tó wákàtí 6 sí 24 kó tó ṣe ni nínú. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 kó tó fara hàn, ìgbà tí aláìsàn náà á sì ti jẹun níbi púpọ̀, tí ìyá olóúnjẹ tó fọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú wọn á sì ti gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.