ÒKUN ABẸ́ ÒRÙLÉ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í wà ní etí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń ronú lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Miyazaki, ní gúúsù ilẹ̀ Japan, níbi tí àwọn ènìyàn tí òkun ń ru ní ẹ̀yìnkùlé wọn ti yá owó láti kọ́ òkun mìíràn sí abẹ́ òrùlé. Òkun tí wọ́n kọ́ kò sí mọ́ lónìí. Èyí tí Ọlọ́run dá ṣì ń ru.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1975 tàbí bẹ́ẹ̀, Miyazaki ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tuntun ní Japan máa ń lọ gbafẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Nígbà tí ó yá, ọkọ̀ òfuurufú sọ ọ̀nà jíjìn di ìtòsí. Àwọn ọ̀dọ́ yíjú sí Okinawa, Hawaii àti ilẹ̀ òkèèrè, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ní Miyazaki. Ní 1987, ìjọba Japan ṣe òfin tí ó ń ki àwọn ìpínlẹ̀ láyà láti kọ́ ibùdó ìgbafẹ́. Owó pọ̀ ní báńkì nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yá a kì í pẹ́ rí i yá. Ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìlú àti àwọn oníṣòwò para pọ̀, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Seagaia.

Ọkàn ibùdó náà ni Ocean Dome, tí wọ́n ṣí ní 1993. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 300 mítà, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 100 mítà. Òrùlé rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń padé. Ó lè gba 10,000 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ni ó ń ru ìgbì rẹ̀, òkúta mábù tí a lọ̀ ni yanrìn rẹ̀, omi rẹ̀ kò sì ní iyọ̀. Ní 1994, wọ́n ṣí hòtẹ́ẹ̀lì alájà 43 tí ó ga tó 154 mítà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ó bá jáde nínú ilé náà, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni yóò rìn kí ó tó dé etí òkun tòótọ́.

A kò ní sọ pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Òkun tòótọ́ a máa tutù nígbà ọyẹ́, ìjì a sì máa jà níbẹ̀. Ní abẹ́ òrùlé, ẹ̀ẹ̀rùn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa san owó iná tí ń mú omi àti afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ lójoojúmọ́ ayé? Ọrọ̀ ajé Japan ti fọ́ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn rárá. Àlejò wá, ṣùgbọ́n wọn kò tó iye tí a fi ojú sí, àdánù sì ń gorí àdánù. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn tí ó ni Seagaia lọ sí ilé ẹjọ́ láti jẹ́wọ́ pé apá wọn kò ká gbèsè mọ́: gbèsè náà lé ní bílíọ̀nù 300 yen. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan ra ibùdó náà ní nǹkan bí bílíọ̀nù 16 péré. Àwọn náà kò rí i ṣe. Ní 2007, wọ́n ti Ocean Dome pa. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbì kò ru, ọmọdé kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, títí wọ́n fi wó o palẹ̀ tán ní 2017. Hòtẹ́ẹ̀lì náà ṣì wà, ó ń gba àlejò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ti ojú ewé àṣà nìyí. Nínú igbó tí kò jìnnà sí ibẹ̀, adágún omi kékeré kan wà. Ìwé Kojiki, tí wọ́n kọ ní ọdún 712, sọ pé nígbà tí òrìṣà Izanagi ti ilẹ̀ àwọn òkú dé, ó wẹ ara rẹ̀ mọ́ nínú omi ní ibi tí à ń pè ní Awagihara. Níbi ìwẹ̀ náà ni a ti bí Amaterasu, òrìṣà oòrùn. Àwọn ará Miyazaki gbà pé adágún náà ni ibẹ̀. Títí di òní, àwọn àwòrò Shinto ń dárúkọ Awagihara nínú àdúrà ìwẹ̀nùmọ́ wọn. Adágún náà kò ní òrùlé, kò ní ẹ̀rọ, kò jẹ báńkì ní kọ́bọ̀. Omi méjì ni ó wà ní ìtòsí ara wọn: owó yíyá ni ó gbé ọ̀kan ró, àṣà ni ó gbé èkejì ró. Èyí tí owó gbé ró kò lo ọdún márùndínlógún.

Àwa náà ní omi tí àṣà gbé ró. Kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì ni ó sọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn tí ń bọ odò náà, tí wọ́n sì kọ̀ kí a gé igbó rẹ̀, ni. A kò sọ pé kí ìjọba má kọ́ ibùdó ìgbafẹ́ o. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé owó yíyá nítorí rẹ̀ kọ́kọ́ bi àwọn ará àdúgbò pé: kí ni ẹ ti ń ṣe níbí kí a tó dé, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí àlejò kò bá wá mọ́? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó gbé kálámù sílẹ̀, nítorí ọmọ tí a kò tíì bí ni yóò san gbèsè náà.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Miyazaki ti jìn; ó kù sí ọwọ́ àwa tí à ń bọ̀ lẹ́yìn.